Àwọn tá à ń bá pàdé ní ìdájí tá a bá mú ajá jáde, ṣé ká máa kí wọn ni àbí ká máa wò wọ́n?

Àfẹ̀mọ́júmọ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lájá, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ mí lọ́kàn, mi ò mọ̀ bóyá èmi nìkan ló ń ṣe. Ojoojúmọ́ ni mo máa ń mú ajá mi jáde kílẹ̀ tó mọ́, ọ̀nà kan náà, àsìkò kan náà, torí ajá yìí ò ní jẹ́ kí n gbádùn tí àsìkò ẹ̀ bá ti kọjá. Àwọn èèyàn kan náà ni mo sì máa ń rí. Bàbá kan wà tó máa ń sáré, fìlà dúdú ló máa ń dé, kì í gbójú sókè. Màmá àgbàlagbà kan wà tó ń fi ọ̀pá rìn, ajá funfun kékeré kan tí ò tóbi ju ológbò lọ ló máa ń mú dání. Nọ́ọ̀sì kan tó ń ti iṣẹ́ òru bọ̀, aṣọ ẹ̀ ni mo fi mọ̀. Àti ẹni tó ń gbálẹ̀ títì. Ó ti pẹ́ gan-an tá a ti ń rí ara wa báyìí, mo mọ ìrìn oníkálukú wọn látòkèèrè nínú òkùnkùn, àmọ́ a ò tíì sọ gbólóhùn kan síra wa rí.

Ìbéèrè mi rèé. Àkọ́kọ́, ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn ni, kò sì ní dà bíi pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun? Ìkejì, mi ò rí màmá alájá funfun yẹn mọ́ láti bí ọjọ́ mélòó kan, ta ni mo fẹ́ bi, àbí àtojúbọ̀ nìyẹn? Ìkẹta, ọkùnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibẹ̀, òun ló ń kí mi, àmọ́ ó ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì pé ibo gan-an ni mò ń gbé. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Bàbá_Lúlú

Ẹ kí wọn jàre! Kí ló ń dá yín dúró? Orí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mì, ẹ má tíì lanu. Tó bá di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta ẹ fi "ẹ káàárọ̀" kún un kẹ́ ẹ sì máa bá ìrìn yín lọ, ẹ má dúró o, torí tẹ́ ẹ bá dúró lẹni yẹn á máa rò ó pé kí lẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ òun. Ẹni tó bá mú ajá dání, ajá ẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tí wọ́n á béèrè orúkọ ajá lọ́wọ́ ẹ̀ tí inú ẹ̀ ò ní dùn. Èmi o, nínú fóònù mi, mo ní "Ìyá Bíngò", mo ní "Bọ̀dá Jákì", mo ní "Ajá Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́ta", mi ò mọ orúkọ ẹnì kankan nínú wọn títí dòní, àwọn náà sì ń pè mí ní Bàbá Lúlú, bẹ́ẹ̀ ajá ni Lúlú, kì í ṣọmọ mi.

Kò_fẹ́_wàhálà

Èmi ò fara mọ́ ọn o. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló fẹ́ kí wọ́n kí òun. Àwa kan wà tó jẹ́ pé ìgbà yẹn nìkan la ráyè gbọ́ ti ara wa lóòjọ́, lẹ́yìn ìyẹn ọmọ ti jí, ọ̀gá ti ń pè, ó parí. Tẹ́ ẹ bá rí i pé mo ki íápíìsì bọ etí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n kọjá.

Atúwèé

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀ o. Stanley Milgram, ará Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí nípa ìwà ẹ̀dá, kọ̀wé lé e lórí lọ́dún 1972, ìyẹn àwọn tójú wa mọ̀ tẹ́nu wa ò tíì kí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ ló lọ ya fọ́tò àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ ojú irin láàárọ̀, nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì wọ́n padà síbẹ̀ lọ fi fọ́tò yẹn han àwọn èrò. Nínú èèyàn 10, bí i 9 ló rí ẹnì kan ó kéré tán tí òun mọ̀ lójú tí òun ò bá sọ̀rọ̀ rí, tá a bá sì pín in dọ́gba, bí i 4 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ohun tó wá yà mí lẹ́nu jù níbẹ̀ ni pé ó ní téèyàn bá fẹ́ béèrè nǹkan kékeré, bí aago mélòó ló lù, àjèjì pọ́ńbélé ló máa lọ bá, kò ní lọ bá ẹni tó ti ń rí látọdúnmọ́dún. Torí náà, Àfẹ̀mọ́júmọ́, ìtìjú tó ń ṣe yín yẹn kì í ṣe tiyín nìkan, bẹ́ ẹ ṣe ń pẹ́ sí i láìkíra yín ni ìkíni ń ṣòro sí i. Àmọ́ tí irú àwọn bẹ́ẹ̀ bá lọ ṣèèṣì pàdé níbi tó jìnnà sílé, ara wọn á yá mọ́ra lójú ẹsẹ̀.

Ó tún sọ̀rọ̀ obìnrin kan tó dákú lójú títì ní Brooklyn. Obìnrin mìíràn tí wọ́n jọ ń ríra fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsọ̀rọ̀ ló pe áńbúláǹsì, ó bá a wọ ọkọ̀ dé ọsibítù, ó rí i pé wọ́n tọ́jú ẹ̀, ó tún ń ṣọ́ ẹrù ẹ̀ kí wọ́n má baà jí i. Wọ́n bi í léèrè, ó ní òun kàn mọ̀ ọ́n lára pé ọ̀rọ̀ ẹ̀ kan òun ni torí ọjọ́ ti pẹ́ táwọn ti ń ríra.

Kò_fẹ́_wàhálà, ẹ má bínú o, àmọ́ àwọn méjì kan, Nicholas Epley àti Juliana Schroeder, tẹ ìwádìí kan jáde lọ́dún 2014 nípa àwọn tó ń wọkọ̀ ojú irin lọ síbi iṣẹ́ ní Chicago. Àwọn tí wọ́n ní kó bá àjèjì sọ̀rọ̀ gbádùn ìrìn wọn ju àwọn tí wọ́n ní kó dá jókòó lọ, bẹ́ẹ̀ òdìkejì ẹ̀ làwọn èèyàn máa ń rò tẹ́lẹ̀.

Kò_fẹ́_wàhálà

Ó ṣáà lè jẹ́ ní Chicago 😂

Ẹ̀rín_lójú

Ti ibi tó jìnnà yẹn o, ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Pápákọ̀ òfurufú orílẹ̀-èdè míì, mo gbójú sókè, mo rí ọkùnrin kan tí mo mọ̀ dájú pé mo mọ̀, mi ò kàn mọ ibi tí mo ti mọ̀ ọ́n, òun náà ń wò mí bíi pé mo jẹ ẹ́ lówó, ni mo bá rí i tó fi ọwọ́ ṣe bí ẹni tí ajá ń fà lókùn, áà! La bá dì mọ́ra wa. Ìgbà tá a wá dì mọ́ra tán a ò mọ nǹkan tá a fẹ́ sọ mọ́, la bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ajá. A padà sílé, kò sí ariwo kankan, orí la ń mì síra wa báyìí, ó sì ti tó bẹ́ẹ̀.

Àǹtí_Ṣọ́ra

Ẹ má jẹ́ ká tara ìkíni gbàgbé ìbéèrè kẹta o. Ẹni tó ń bi yín níbi tẹ́ ẹ̀ ń gbé, ẹ má sọ fún un. Ẹ ò jẹ ẹ́ ní àlàyé kankan, "apá ọ̀hún yẹn" ti tó, kẹ́ ẹ máa rìn lọ. Tó bá bi yín lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ bi òun náà léèrè pé kí ló fẹ́ fi ṣe, kẹ́ ẹ béèrè ẹ̀ sókè kẹ́lòmíì gbọ́. Rírí èèyàn lójoojúmọ́ kọ́ ni mímọ̀ ọ́n. Ara wa ló ń tàn wá níbẹ̀, torí nǹkan téèyàn bá ti ń rí lemọ́lemọ́ tí ò ṣe é ní ibi, ọkàn á bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn ẹ̀, Robert Zajonc ló wádìí ìyẹn tó sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1968, àwọn oníwàkiwà náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ láìka ìwé kankan.

Tẹ́ ẹ bá fura pé ẹnì kan ń tẹ̀ lé yín, ẹ má forí lélé tààrà, ẹ yà síbi tí iná àti èèyàn wà. Ẹ máa pààrọ̀ ọ̀nà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Etí kan gbọ́dọ̀ ṣófo tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ nǹkan lórí fóònù. Kẹ́nì kan nílé mọ ọ̀nà tẹ́ ẹ gbà àti ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ ti dé. Táàgì ọrùn ajá ńkọ́, nọ́ńbà fóònù ni mo máa ń sọ pé kó wà níbẹ̀, kó má sí àdírẹ́sì, àfi tí òfin ibi tẹ́ ẹ wà bá ní kẹ́ ẹ kọ ọ́, torí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì òfin kan ti wà láti 1992 pé orúkọ àti àdírẹ́sì olówó ajá gbọ́dọ̀ wà lọ́rùn ẹ̀ níta gbangba.

Ẹ tún wo àwọn áàpù tó ń ya ọ̀nà téèyàn rìn. Ẹ ti ojú ọ̀nà yín pa níbẹ̀, kí ayé má baà mọ ẹnu ilẹ̀kùn tẹ́ ẹ ti ń bẹ̀rẹ̀. Lóṣù kìíní ọdún 2018, máàpù tí Strava, ọ̀kan lára irú áàpù bẹ́ẹ̀, gbé síta ló jẹ́ káwọn èèyàn rí ibùdó àwọn ológun, torí àwọn sójà ń sáré tàwọn ti áàpù. Tí sójà bá lè hàn, èmi àti ẹ̀yin ńkọ́?

Asáré_má_dúró

Èmi lajá ò sí lọ́wọ́ ẹ̀, eré ni mò ń sá. Bàbá onífìlà dúdú yẹn, ẹ má rò pé ó ń yọ ṣùtì sí yín. Téèyàn bá ń sáré nínú òkùnkùn, ilẹ̀ ló ń wò kó má baà tẹ kòtò, kò sì sí èémí tó fẹ́ fi kíni. Tó bá gbé ọwọ́ díẹ̀ báyìí, ó ti kí yín nìyẹn. Èyí tó ń bí wa nínú ni okùn ajá tó ń gùn tó ń kúrú fúnra ẹ̀ yẹn, olówó ajá wà lápá ibí, ajá wà lápá ọ̀hún, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tójú ò rí wá na ojú ọ̀nà kọjá. Ẹ lò ó lójú ọ̀sán níbi tó tẹ́jú. Ní ìdájí, okùn kúkurú, kí iná kékeré wà lọ́rùn ajá. Àwa náà, tá a bá ń bọ̀ lẹ́yìn ká ké sí yín láti ọ̀ọ́kán, kì í ṣe ká ṣàdédé yọ sí ajá.

Àfẹ̀mọ́júmọ́

Ẹ ṣé gan-an ni. Mo kí nọ́ọ̀sì yẹn láàárọ̀ yìí, ó sì ní "ajá yín ti sanra o"! Ó túmọ̀ sí pé ó ti ń wò wá látìgbà yìí. Bàbá onífìlà gbé ìka kan sókè. Àmọ́ màmá yẹn ni ọkàn mi ṣì wà lọ́dọ̀ ẹ̀, mi ò rí i síbẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Ajá

Ẹ bi nọ́ọ̀sì àti ẹni tó ń gbálẹ̀. Ẹni tó ń gbálẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi, òun ló ń pẹ́ níta jù. Ajá ni kẹ́ ẹ béèrè, ẹ má béèrè èèyàn: "Ó mà ti ṣe díẹ̀ tí mo ti rí ajá funfun kékeré yẹn o." Ìbéèrè tí ò le nìyẹn, ẹni tó bá mọ̀ á sọ, ẹni tí ò fẹ́ sọ náà á rí ọ̀nà gbé e gbà. Ẹ má lọ máa kanlẹ̀kùn kiri, ẹ má sì gbé fọ́tò ẹ̀ sórí ayélujára pé ẹ̀ ń wá a. Ohun tó lè fà á pọ̀ ju àìsàn lọ, ó lè jẹ́ pé ilẹ̀ tètè ń mọ́ báyìí ló yí àsìkò padà, ó lè wà lọ́dọ̀ ọmọ ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá mọlé ẹ̀, tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ tí ajá ń gbó nínú ilé tí ò sẹ́ni tó ń jáde, ìyẹn ti kọjá àtojúbọ̀, ẹ pe aládùúgbò ẹ̀ tàbí ọlọ́pàá lójú ẹsẹ̀.

Aláìlájá_mọ́

Ẹ jẹ́ kí n bá yín dá sí i látọ̀dọ̀ ẹni tó dàwátì. Ajá mi kú. Mi ò jáde fún ìgbà díẹ̀, nígbà tó yá ara mi ò gbà á mọ́ torí àsìkò yẹn náà ni mo ń jí, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í dá rìn lójú ọ̀nà yẹn. Ẹ ò ní gbà gbọ́, kò sẹ́ni tó mọ̀ mí. Àwọn tá a ti ń kí ara wa fún ọdún gbọọrọ, wọ́n ń kọjá lára mi bíi pé òpó iná ni mí. Èmi náà wá rí i pé ajá ni wọ́n ń kí, èmi ń bẹ lẹ́nu okùn. Inú bí mi díẹ̀, mi ò ní purọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ló dá mi mọ̀, obìnrin kan tó ní ajá tó ya wèrè díẹ̀ tí tèmi ò fẹ́ràn rárá, ó dúró, ó wo ọwọ́ mi, ó wo ojú mi, kò béèrè nǹkan kan, ó kàn ní "mo máa ń wo ọ̀nà yín o, ẹ̀yin méjèèjì." Mo sunkún délé.

Torí náà tẹ́ ẹ bá rí ẹni tẹ́ ẹ mọ̀ mọ́ ajá tó ń dá bọ̀, ẹ má pariwo "ajá dà?" látọ̀nà jíjìn. Ẹ kí òun fúnra ẹ̀ kọ́kọ́. Tó bá fẹ́ sọ ọ́ á sọ ọ́. Tó bá sọ ọ́, ẹ pe ajá náà lórúkọ tẹ́ ẹ bá mọ̀ ọ́n, ẹ má sì tíì bi í pé ìgbà wo ló máa ra òmíràn.

Atúwèé

Ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an, ẹ kú ìrọ́jú. Ohun tẹ́ ẹ sọ yẹn kì í ṣe pé wọ́n kórìíra yín o. June McNicholas àti Glyn Collis tẹ ìwádìí kan jáde lọ́dún 2000 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹnì kan náà tó bá mú ajá dání, iye àwọn tó ń bá a sọ̀rọ̀ máa ń pọ̀ fíìfíì ju ìgbà tó bá ń dá rìn lọ, kódà tó bá wọ aṣọ jákujàku. Ajá náà ló ń ṣí ilẹ̀kùn.

Dókítà_ẹran

Ẹ jẹ́ kí n fi ti àwọn ajá fúnra wọn kún un, torí mo rí i pé èèyàn nìkan lẹ̀ ń sọ. Pé ẹ̀yin àti olówó ajá kejì ti ń kíra ò ní káwọn ajá yín ti dọ̀rẹ́. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n forí korí tààrà lórí okùn tó le gan-gan, ìjà lẹ̀ ń wá yẹn. Ẹ yí gba ẹ̀gbẹ́ bọ̀, ẹ jẹ́ kí okùn dẹ̀, kí wọ́n gbóòórùn ara wọn fún ìṣẹ́jú àáyá bíi 3, kẹ́ ẹ pè é kúrò, tó bá lọ dáadáa ẹ jẹ́ kí wọ́n padà síra wọn. Ajá tó dúró gbagidi, tó pa ẹnu dé lójijì, tó ń lá ètè tàbí tó ń yán tí kì í ṣe oorun, tí funfun ojú ẹ̀ ń hàn, ara ò rọ̀ ọ́, ẹ mú tiyín kọjá. Ìrù tó ń fì ò fi gbogbo ìgbà jẹ́ ìdùnnú. Lọ́dún 2007 àwọn onímọ̀ kan ní Ítálì rí i pé tí ajá bá rí olówó ẹ̀, ọ̀tún ni ìrù máa ń fì sí jù, tó bá rí ajá àjèjì tó le, òsì ni. Tẹ́ ẹ bá rí rìbọ́ọ̀nù yẹ́lò lára okùn ajá kan, àwọn tó ni ín ń bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ yẹra fún un ni, kì í ṣe ìgbéraga. Téèyàn bá sọdá títì nígbà tó rí yín látòkèèrè pẹ̀lú ajá, ẹ má gbà á sí ìwọ̀sí, ìwà ọmọlúàbí ni.

Ẹ má fún ajá onájá ní nǹkan jẹ láìbéèrè, bó ti wù kó ti mọ̀ yín tó. Ṣokoléètì, èso àjàrà tútù tàbí gbígbẹ, àlùbọ́sà, ṣuíńgọ́ọ̀mù tí wọ́n fi xylitol ṣe, ìyẹn ohun adùn tí wọ́n ń lò dípò ṣúgà, gbogbo ẹ̀ ló lè pa ajá.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù lójú tèmi ni ìgéjẹ. Ọjọ́ tí ajá "Ìyá Bíngò" bá bu èèyàn jẹ ni wọ́n á tó rí i pé kò sẹ́ni tó mọ ilé Ìyá Bíngò. Nínú ikú dìgbòlugi tó ń pa èèyàn lágbàáyé, nǹkan bí 99 nínú 100 ló ti ọ̀dọ̀ ajá wá, tí àmì ẹ̀ bá sì ti fara hàn lára èèyàn, àtiyè ku díẹ̀ káàtó. Ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn, ẹ fi fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15 gbáko, kẹ́ ẹ wá lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má ní "ajá tá a jọ ń pàdé lójoojúmọ́ ni." Wọ́n á fẹ́ mọ̀ bóyá ajá náà ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, wọ́n sì lè ní kí wọ́n máa ṣọ́ ọ fún ọjọ́ 10, ìyẹn ò ṣeé ṣe tẹ́ ò bá mọ ẹni tó ni ín. Torí ẹ̀ ni mo ṣe fara mọ́ Bàbá Lúlú: ẹ gba nọ́ńbà ara yín. Àwọn alájá ni mo ń sọ o, kì í ṣe ọkùnrin tó ń béèrè àdírẹ́sì.

Bàbá_Lúlú

Mo gbọ́ yín o Dókítà. Màá béèrè orúkọ Ìyá Bíngò gangan lọ́la.

Àfẹ̀mọ́júmọ́

Ẹni tó ń gbálẹ̀ ló mọ̀! Ó ní orúnkún ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún màmá, ọmọ ẹ̀ ló ń mú ajá jáde báyìí, ọ̀sán ló máa ń mú un jáde. Mo ti rán an ní kó bá mi kí wọn. Ọkùnrin kejì yẹn ńkọ́, mo bi í sókè níṣojú nọ́ọ̀sì pé kí ló fẹ́ fi àdírẹ́sì mi ṣe, ó ní òun kàn ń bèèrè ni, mi ò tíì rí i látìgbà yẹn.

Àǹtí_Ṣọ́ra

Ó dáa. Àmọ́ ẹ ṣì máa pààrọ̀ ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀ o, kẹ́ ẹ sì ṣàpèjúwe ẹ̀ fún nọ́ọ̀sì yẹn dáadáa, òun náà ń dá rìn.

Oníṣẹ́_òru

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ béèrè tèmi. Èmi ò lájá, iṣẹ́ òru ni mo ti máa ń bọ̀, àwọn ajá kan wà tí wọ́n ti mọ̀ mí, wọ́n á máa fà wá sọ́dọ̀ mi. Ṣé kí n máa fọwọ́ kàn wọ́n ni? Àwọn olówó wọn ò sọ bẹ́ẹ̀ ni, wọn ò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́.

Dókítà_ẹran

Ẹ bi olówó ẹ̀ kọ́kọ́, lójoojúmọ́, kódà tó bá ti gbà lánàá, torí ó lè jẹ́ pé ara ajá náà ò yá lónìí. Tó bá ti gbà, ẹ fẹ̀gbẹ́ kan sí i, ẹ má tẹ̀ bò ó lórí, ẹ sọ ọwọ́ sílẹ̀ kó fúnra ẹ̀ wá gbóòórùn ẹ̀. Àyà tàbí ẹ̀gbẹ́ ọrùn ni kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn, ẹ fi orí sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dáwọ́ dúró tó tún sún mọ́ yín, ó ń fẹ́ sí i nìyẹn. Tó bá yíjú kúrò, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ajá tó ń tọ́ afọ́jú sọ́nà ni kẹ́ ẹ má fọwọ́ kàn rárá, ẹ má pè é, ẹ má ṣẹ́jú sí i, iṣẹ́ ló ń ṣe.